Ojú Ọ̀tún Màmá Tíṣà

Nígbà tí ojú òsì Ìyáàfin Ọmọ́wùnmí Ìyàndá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní ojú àgbà ni. Ó ra oògùn ojú lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń polówó nínú bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ láti Ìwó Róòdù sí Lálúpọn, ó ń kán an láàárọ̀, ó ń kán an nírọ̀lẹ́. Kí ìgò oògùn náà tó tán, àárín ojú ọ̀hún ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Síbẹ̀, kò sọ. Ojú ọ̀tún ṣì ń ríran. Ó ń fi í ka ìwé, ó ń fi í ṣa ẹ̀wà, ó ń fi í mọ ẹni tó ń bọ̀ lókèèrè.

Kì í ṣe aláìmọ̀kan o. Ọdún márùndínlógójì ló fi kọ́ àwọn ọmọ Lálúpọn níwèé, ó ti di ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kó tó fẹ̀yìn tì, tọmọdé tàgbà ló sì ń pè é ní Màmá Tíṣà. Lọ́jọ́ Ìsinmi, òun ló ń ka ẹ̀kọ́ kìíní láti inú Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà. Ẹni tó ń sá fún ni ọmọ rẹ̀. Olúwadọ̀tun, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú ní Alákíà, ó kọ́ ilé olókè síbẹ̀, láti ọjọ́ tí wọ́n sì ti sin bàbá rẹ̀ ló ti ń bẹ ìyá rẹ̀ pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ìyá á ní òun máa wá tí òun bá kórè àgbàdo tán. Tó bá kórè àgbàdo tán, á ní ẹ̀gẹ́ òun ṣì wà nílẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti ń bá a bọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé lọ́jọ́ tí Dọ̀tun bá gbọ́ pé ojú ń yọ òun lẹ́nu, àwáwí ti tán.

Àárọ̀ Sátidé kan, ó ń gbálẹ̀ iwájú ilé. Ó nàró kó lè fi ẹ̀yìn sinmi, ó wo òpó iná tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, ó rí i pé òpó náà ti tẹ̀ láàárín bí ẹni tí wọ́n gbá níkùn.

“Ìbídùnní,” ó pe obìnrin tó ń yan gàrí ní ilé kejì, “mọ́tò wo ló kọ lu òpó yìí?”

Ìbídùnní yọjú láti inú èéfín. “Òpó wo, Màmá Tíṣà?”

“Èyí tó wà níwájú wa yìí.”

“Òpó yìí náà? Kò sí ohun tó ṣe é, Mà. Ó dúró ṣánṣán.”

Màmá Tíṣà bo ojú ọ̀tún, àárín gbogbo nǹkan di dúdú. Ó bo ojú òsì, òpó tún tẹ̀. Ó wọlé, ó wo férémù ilẹ̀kùn, férémù ń wọ́ bí ejò. Ó ṣí Bíbélì, àwọn ìlà inú rẹ̀ ń ru bí omi tí wọ́n ju òkúta sí. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan. Bẹ́ẹ̀ ni Ìbídùnní ṣe bá a nígbà tó tẹ̀ lé e wọlé.

“Ẹ má bínú sí mi o,” Ìbídùnní wí. Fóònù ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Ẹ lè bá mi jà tó bá yá. Mo fẹ́ pe Bọ̀dá Dọ̀tun.”

Ọjọ́ kẹta, Màmá Tíṣà àti Dọ̀tun wà ní ilé ìwòsàn ojú kan nílùú Ìbàdàn. Dókítà tó rí wọn jẹ́ obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún, ó wé híjáàbù, orúkọ rẹ̀ ni Muhsinah, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. Ó ti fi ẹ̀rọ ya àwòrán ẹ̀yìn ojú Màmá, ó yí kọ̀ǹpútà sí wọn.

“Ẹ̀yìn ojú yín nìyí, Mà. Ibí yìí ló yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tí kò yẹ kó hù níbẹ̀ ti hù, wọ́n ń jo, omi wọn sì ti ti ẹní náà sókè. Ìdí nìyẹn tí ohun tó tọ́ fi ń wọ́ lójú yín.”

“Ti òsì ńkọ́?”

Dókítà tọ́ka sí àwòrán kejì. “Ohun kan náà ló ṣe ti òsì. Òun ti jo, ó ti jo tán, ó ti di àpá. Kò sí ohun tí a lè ṣe sí i mọ́. Tó bá jẹ́ pé ẹ tètè wá ni…” Kò parí rẹ̀.

Dọ̀tun yíjú wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń wo kọ̀ǹpútà.

“Kí lẹ máa wá ṣe sí ti ọ̀tún?” Dọ̀tun béèrè.

“Abẹ́rẹ́ ni, sà. Inú ojú gan-an la máa gún un sí.”

Dókítà ṣàlàyé pé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni, fún oṣù mẹ́ta léraléra, lẹ́yìn náà ni wọn yóò tún yàwòrán kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ọjọ́ ṣe é sún síwájú díẹ̀.

“Ìgbà wo ló máa wá parí?” Màmá Tíṣà béèrè.

“Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún yín, Mà. Àwọn kan wà tí a ti ń gún bọ̀ láti ọdún mẹ́rin. Oògùn yìí kì í pa iṣan yẹn kú. Ó kàn ń mú un sùn ni. Tí agbára oògùn bá ń lọ, iṣan á tún jí.”

“Tí mi ò bá gbà á ńkọ́?”

“Ti ọ̀tún á tẹ̀ lé ti òsì. Kò sì ní pẹ́.”

Màmá Tíṣà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. “Bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ yìí, Dókítà, ìdájọ́ ẹ̀wọ̀n ni. Ẹ ò sì tún sọ iye ọdún.”

Dókítà fún un ní bébà kan tí wọ́n fa ìlà sí níbùú àti lóòró, bí ìwé ìṣirò àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, àmì dúdú kan wà láàárín rẹ̀. Ó ní kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kó máa fi ojú ọ̀tún wò ó láràárọ̀. Lọ́jọ́ tí ìlà náà bá tún wọ́, kó má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún un; kó máa bọ̀ kíá.

Nígbà tí wọ́n kúrò níbẹ̀, Dọ̀tun kò gba ọ̀nà Lálúpọn. Ìyá rẹ̀ ò ríran dáadáa, ṣùgbọ́n ó mọ̀ nígbà tí ọkọ̀ yà.

“Dọ̀tun, ibo lò ń gbé mi lọ?”

“Ilé ni, Màmá.”

“Ilé ta?”

Dọ̀tun tẹ fèrè mọ́tò fún ọlọ́kadà kan tí kò dí i lọ́nà.

*

Kò sí ohun tí ọmọ tàbí ìyàwó ọmọ fi pọ́n Màmá Tíṣà lójú ní Alákíà. Ohun tó jẹ́ kó ṣòro nìyẹn. Yàrá tí wọ́n fún un lókè mọ́ tónítóní, fáànù ń fẹ́, bẹ́ẹ̀dì rọ̀ débi pé ó ń wá ẹ̀yìn rẹ̀ tì bó bá fẹ́ dìde. Ìyanuolúwa, ìyàwó Dọ̀tun, òṣìṣẹ́ báńkì ni, ọmọlúàbí ni. Kó tó jáde lówùúrọ̀, á ti gbé oúnjẹ sínú kúlà méjì, ti àárọ̀ àti ti ọ̀sán, á gbé ife omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á kúnlẹ̀.

“Ẹ má ṣe wàhálà kankan o, Mà. Mo ti pa gáàsì pátápátá. Ẹ má sọ̀ kalẹ̀ o, nítorí àtẹ̀gùn.”

Lẹ́yìn náà ni tọkọtaya á wọ mọ́tò. Màmá á gbọ́ tí géètì ń lọ gbàràrà, á gbọ́ àgádágodo tó ń pa kà. Nítorí àwọn olè ni, wọ́n ní. Irin wà lójú fèrèsé gbogbo. Láàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, òun nìkan ni, àti bààlúù. Bí ọ̀kan bá ń bọ̀, ife omi á máa gbọ̀n lórí tábìlì, á kọjá lórí òrùlé, ilé á tún dákẹ́.

Ẹni tó ti ń jí lago márùn-ún láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge, tó ń ro oko ẹ̀yìnkùlé fúnra rẹ̀ ní ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ni wọ́n ní kó máa jókòó. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó fọ aṣọ ara rẹ̀ kan nínú báálùwẹ̀. Nígbà tí Ìyanuolúwa dé tó rí i lórí okùn, omi bọ́ lójú rẹ̀.

“Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni, Mà? Ṣé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni kò tẹ́ yín lọ́rùn?”

Kí lèèyàn fẹ́ sọ sí irú ìyẹn? Màmá Tíṣà bẹ̀ ẹ́, kò sì fọ aṣọ mọ́.

Abẹ́rẹ́ kìíní bọ́ sí ọjọ́ Tuesday. Nọ́ọ̀sì kán oògùn sí i lójú lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ara ojú lè kú, wọ́n mú un wọ tíátà, yàrá iṣẹ́ abẹ, wọ́n ní kó fẹ̀yìn lélẹ̀. Wọ́n fi nǹkan olómi tútù kan wẹ ojú náà, wọ́n wá da aṣọ bò ó látorí dé àyà, ihò kan ṣoṣo ló wà lára aṣọ náà. Inú ihò yẹn ni ojú ọ̀tún rẹ̀ ti ń wòde.

“Mo fẹ́ ki irin kékeré kan bọ ipéǹpéjú yín, Mà, kó má baà padé,” ohùn Dókítà Muhsinah wí. “Kò ní dùn yín.”

Kò dùn ún lóòótọ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò ka kí èèyàn ṣẹ́jú sí nǹkan kan. Àfi ìgbà tó fẹ́ ṣẹ́jú tí ojú kò ṣẹ́. Irin náà ti gbé ti òkè sókè, ó ti tẹ ti ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó tún gbìyànjú. Ojú ò padé. Ó fẹ́ kígbe pé ẹ tú mi sílẹ̀, ó fẹ́ gbé ọwọ́, nọ́ọ̀sì sì ti di ọwọ́ náà mú jẹ́jẹ́ lábẹ́ aṣọ.

“Ẹ wòkè, Mà. Ẹ wo apá iwájú orí yín. Ẹ má mira.”

Ó wòkè. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan fi ìka tẹ̀ ẹ́ lójú, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì fà sẹ́yìn. Kó tó ka mẹ́ta, ó ti parí. Nígbà tí wọ́n yọ irin, ó rí àwọn nǹkan dúdú róbótó tó ń wẹ̀ nínú ojú rẹ̀ bí ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ nínú kòtò omi.

“Afẹ́fẹ́ ni, Mà. Á ti lọ tó bá di ọ̀la,” Dókítà sọ fún un. “Ìka mélòó nìyí?”

“Méjì.”

“Ẹ kú iṣẹ́. Tí ojú bá pọ́n, tó sì ń dùn yín gan-an láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin sí àsìkò yìí, ẹ pè mí. Ẹ má rò pé á lọ fúnra rẹ̀.”

Nínú mọ́tò, Dọ̀tun ní, “Ẹ rí i, Màmá, ó ti tán.” Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ bo ojú tó ń ta á bí ẹni tí yanrìn kó sí lójú. Ó ń ronú pé irin yẹn ń dúró de òun níbẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, àti lóṣù tó tún tẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kẹta, àwọn ìlà orí bébà tọ́. Ó dúró níwájú ògiri, ó bo ojú òsì, ó wò wọ́n títí: níbùú, lóòró, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gún régé. Ó mú Bíbélì, ó ka Sáàmù kan látòkè délẹ̀ láìfi ìka tọ́ ọ. Dókítà wo àwòrán tuntun, inú tirẹ̀ náà dùn. Ó ní omi ti gbẹ, ó ní kó padà wá gba òmíràn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà dípò mẹ́rin.

“Tó bá ti gbẹ, ó parí nìyẹn,” Màmá Tíṣà wí.

“Ó sùn ni, Mà. Kò kú.”

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló sọ ọ́ lórí oúnjẹ. “Dọ̀tun, Ọlọ́run á bù kún yín. Ẹ tọ́jú mi. Lọ́la, gbé mi lọ sí Lálúpọn.”

Dọ̀tun gbé ṣíbí kalẹ̀. “Màmá, ta ló máa mú yín wá gba abẹ́rẹ́?”

“Ọkọ̀ kún ọ̀nà.”

“Ẹ ti fi ojú kan ṣe àgídí. Ẹ̀yin lẹ pa á, àìsàn kọ́. Ẹ wà níbẹ̀, ẹ ń kán oògùn inú bọ́ọ̀sì sójú. Ẹ wá fẹ́ kí n gbé èyí tó kù padà síbẹ̀?”

Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ìyá rẹ̀ jẹun tán, ó dìde, ó gun àtẹ̀gùn lọ.

Ọ̀sẹ̀ kejì, Ìyanuolúwa gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́jọ́ Wednesday, àwọn ọlọ́kọ̀ omi wá já omi fún wọn, ó ṣí géètì sílẹ̀ gbayawu, ó bá wọn lọ sẹ́yìnkùlé níbi táǹkì wà. Màmá Tíṣà gbọ́ ariwo ẹ̀rọ tó ń fa omi. Kò tíì ro nǹkan kan tán tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wọ bàtà. Ó mú báàgì, ó ká bébà onílà sínú rẹ̀, ó di irin àtẹ̀gùn mú, ó sọ̀ kalẹ̀, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ omi. Kò sáré. Ó rìn bí ẹni tó ń lọ kí ará àdúgbò. Ìgbà tó dé Ìwó Róòdù tó wọ ọkọ̀ tó ń pe Lálúpọn ló tó bojú wẹ̀yìn.

Ó pe Ìyanuolúwa. “Ìyàwó mi, má pariwo. Má wá mi. Mo ti wà nínú ọkọ̀.”

*

Koríko ti bo oko ẹ̀yìnkùlé, eruku ti bo tábìlì, eku ti gé etí aṣọ fèrèsé. Màmá Tíṣà ṣáná sí ààrò, ó gbé ẹ̀wà kaná fúnra rẹ̀, ó jókòó tì í títí ó fi jinná. Kò tíì jẹ oúnjẹ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ láti oṣù mẹ́ta.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Dọ̀tun dé. Kò jókòó. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ṣì wọ aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn.

“Ẹ máa gbé ibi tí ẹ fẹ́ títí di ọjọ́ abẹ́rẹ́,” ó wí. “Lọ́jọ́ náà, mo ń bọ̀ wá gbé yín. Mi ò sì ní gbé yín padà wá síbí mọ́, Màmá. Tó bá gbà kí n ti ilé yìí pa, mo máa tì í.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ba nǹkan jẹ́. Kó tó sọ ọ́, ìyá ti pinnu lọ́kàn pé òun máa lọ gba abẹ́rẹ́ náà, òun á sì padà wá kí òjò ọ̀sán tó rọ̀. Lẹ́yìn tó ti sọ ọ́, ọ̀nà ilé ìwòsàn àti ọ̀nà Alákíà di ọ̀nà kan náà.

Ọjọ́ pé. Màmá Tíṣà gbọ́ ìró mọ́tò lókèèrè láàárọ̀ kùtùkùtù, ó mọ ohùn ẹ̀rọ rẹ̀. Ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ó rìn wọ inú ẹ̀gẹ́ Ìbídùnní tó ti ga ju orí èèyàn lọ, ó jókòó sórí ebè. Ìrì ń kán sí i lára.

“Màmá!” Dọ̀tun ń pè. “Màmá o!”

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó gbọ́ tí Dọ̀tun kanlẹ̀kùn, ó gbọ́ tó ń bi Ìbídùnní léèrè, ó gbọ́ Ìbídùnní tó ń kólòlò pé òun kò rí wọn. Ó gbọ́ fèrè mọ́tò, gígùn, lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti na ọmọ tó pọ̀ ní Lálúpọn nítorí pé wọ́n sá pamọ́ sínú oko lọ́jọ́ ìdánwò. Ó rántí ojú wọn bí wọ́n ṣe máa ń jáde wá, tí eèpẹ̀ á wà lára aṣọ wọn. Ìtìjú bò ó, síbẹ̀ kò dìde. Oòrùn ti mú kí ọkọ̀ tó lọ.

Nígbà tó padà, Ìbídùnní kò wò ó lójú. Ó ń yan gàrí lórí iná, ó ní, “Mo parọ́ nítorí yín lónìí, Mà. Ẹ má jẹ́ kí n kábàámọ̀ rẹ̀.”

“Wò ó,” Màmá Tíṣà na ọwọ́ sí òpó iná, “ó tọ́. Mo rí i pé ó tọ́.”

Dọ̀tun pè títí ó fi sú u, lẹ́yìn náà kò pè mọ́. Màmá Tíṣà yọ bébà onílà tó lẹ̀ mọ́ ògiri nígbà tó dé, ó tì í sábẹ́ ìbùsùn. Kò fẹ́ mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ kan kọjá, méjì kọjá, ó ka ẹ̀kọ́ kìíní ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ní ìgbà kẹta, ọ̀rọ̀ kan ń pòórá láàárín gbólóhùn. Ó fi orí rò ó, ó kà á lọ. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé iná ṣọ́ọ̀ṣì ni kò mọ́lẹ̀ tó.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún lẹ́yìn ọjọ́ tó sá wọ inú ẹ̀gẹ́, ó jí, ó la ojú, ó rò pé ilẹ̀ kò tíì mọ́. Ó gbọ́ ohùn àwọn ọmọ tó ń lọ sílé-ìwé. Ó nu ojú. Nǹkan pupa dúdú kan ń tú ká nínú ojú ọ̀tún, bí ìgbà tí èèyàn da sóbò sínú omi, àárín rẹ̀ sì ṣú. Ó gbé ọwọ́ sókè níwájú ara rẹ̀. Apá rẹ̀ wà níbẹ̀. Ọwọ́ kò sí.

Ó fi ògiri ṣe amọ̀nà títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà. “Ìbídùnní!”

Ìbídùnní sáré dé. “Ṣé kí n pe Bọ̀dá?”

“Má pè é. Mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà.”

Ìbídùnní fa igi jáde lábẹ́ agbada, ó fi gàrí tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ láìgbẹ, ó wọ búláòsì, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nínú bọ́ọ̀sì, ẹnì kan kí Màmá Tíṣà láti ìjókòó iwájú, ó dáhùn, kò sì mọ ẹni náà.

*

Dókítà Muhsinah wo ojú náà pẹ́. Ó yàwòrán rẹ̀. Ó wá gbé àga sún mọ́ ọn.

“Ẹ̀jẹ̀ ló tú síbẹ̀, Mà. A máa gún un lónìí yìí. Mi ò lè ṣèlérí ohun tó máa kù. Kí ló dé tí ẹ ò wá?”

Màmá Tíṣà gbé ojú sí ibi tí ohùn ti ń bọ̀. “Ṣé irin yín ló bà mí lẹ́rù ni? Ó bà mí lẹ́rù. Ṣùgbọ́n ǹ bá ṣì wá. Ọmọ mi ní tí mo bá ti jáde wá síbí, mi ò ní padà sílé mi mọ́. Ojú mi, tàbí ilé mi. Mo rò pé mo lè fi ọgbọ́n di méjèèjì mú.”

“Ṣé ó mọ̀ pé ìdí tí ẹ ò fi wá nìyẹn?”

“Ó rò pé àgídí ni.”

Dókítà gba nọ́ńbà Dọ̀tun lọ́wọ́ Ìbídùnní, ó jáde lọ sí kọ́rídọ̀. Wọn kò gbọ́ ohun tó sọ. Nígbà tó padà, ó ní kí Màmá wá wọ tíátà. Lẹ́ẹ̀kan sí i, aṣọ pẹ̀lú ihò kan, lẹ́ẹ̀kan sí i, irin. Lọ́tẹ̀ yìí, nígbà tí ojú kò lè ṣẹ́, Màmá kò bá a jà.

Dọ̀tun bá wọn lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn náà, wọ́n ti lẹ òwú mọ́ ojú ìyá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, láàárín gbogbo èrò.

“Màmá, èmi ni mo ṣe é.”

“Dìde. Èmi ni mo sá.”

“Nígbà tí Bàbá ṣubú sí oko lọ́jọ́ yẹn, ibi iṣẹ́ ni mo wà. Wọ́n pè mí. Mo ní kí n kọ́kọ́ parí ohun tí mo ń ṣe. Wákàtí méjì ni. Mi ò sọ fún yín rí. Láti ìgbà yẹn, tí fóònù Lálúpọn bá ti dún, ara mi á máa gbọ̀n. Mo fẹ́ kí ẹ wà níbi tí ojú mi á ti tó yín.”

Ọdún mọ́kànlá, ìyá rẹ̀ kò sì mọ̀. Ó wá orí rẹ̀ kàn, ó gbé ọwọ́ lé e.

“Bàbá rẹ ti kú kí wọ́n tó gbé e dé ilé, Dọ̀tun. Ká ní o fò wá, wàá bá òkú ni.” Ó mí kanlẹ̀. “Ẹ̀rù tó ń bà ọ́ ni o fi tì mí mọ́lé. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni mo fi sá wọ oko. Ká má fi ẹ̀rù ṣe é mọ́. Wá gbé mi lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá. Gbé mi padà lọ́jọ́ náà gan-an. Tí mi ò bá jáde sí ọ, wá fi igi lé mi jáde.”

Ìbídùnní bú sẹ́rìn-ín, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ ìró nu ojú.

Ó tó oṣù mẹ́rin kí ẹ̀jẹ̀ náà tó gbẹ. Ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀ kéré. Màmá Tíṣà ń rí etí nǹkan: ẹsẹ̀ tábìlì, ẹnu ọ̀nà, ewúrẹ́ tó ń kọjá, ìmọ́lẹ̀ iná lábẹ́ ìkòkò. Ohun tó bá wò gan-an ni kì í rí. Ó kọ́ láti máa wo ẹ̀gbẹ́ kó lè rí àárín, Dókítà ló kọ́ ọ. Kò ka ìwé mọ́. Olúwabùnmi, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́ níwèé, ló ń ka ẹ̀kọ́ kìíní báyìí, ó sì ń kà á yára jù. Màmá Tíṣà ṣì ń dáná. Ó ti jóná lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò sì sọ fún Dọ̀tun nípa ọ̀kan nínú rẹ̀. Tó bá dúró sẹ́yìnkùlé, kì í kọjá ebè kẹta mọ́, nítorí pé kò ní mọ ọ̀nà padà. Ilé rẹ̀ tó jà fún ti fún mọ́ ọn bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n dá abẹ́rẹ́ rẹ̀ padà sí. Lọ́jọ́ kan ó bi Dókítà léèrè bó ṣe máa rí tó bá rẹ òun.

“Ọjọ́ tó bá rẹ̀ yín, ẹ wá sọ ọ́ fún mi níbí,” Dókítà dá a lóhùn. “Ẹ má sọ ọ́ fún ẹ̀gẹ́.”

Ó ń rẹ̀ ẹ́. Kò tíì sọ ọ́.

Nínú oṣù tó kọjá, Dọ̀tun gbé e dé iwájú ilé lẹ́yìn abẹ́rẹ́, òjò ń ṣú. Ó pa ẹ̀rọ mọ́tò, kò tètè ṣílẹ̀kùn.

“Màmá, ṣé ẹ ń rí ojú mi?”

Ó yí orí díẹ̀ sọ́tùn-ún, ó tún yí i díẹ̀ sósì. Òwú ti wà lójú ọ̀tún. Ti òsì ló fi ń wá a.

“Mo rí etí rẹ kan. Mo rí kọ́là ẹ̀wù rẹ. Tí wọ́n bá yọ òwú yìí lọ́la, mo lè rí àgbọ̀n rẹ.”

“Ẹ dúró kí n di yín mú.”

“Mo mọ ẹnu ọ̀nà mi.”

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó na ọwọ́ síwájú títí ó fi kan ògiri, ó wọlé. Ó gbọ́ tí mọ́tò yí padà, tó ń lọ. Ó bọ́ bàtà, ó wá àga kàn, ó jókòó nínú òkùnkùn ọ̀sán gangan. Ọ̀la ni ọjọ́ kìíní nínú méjìdínlọ́gbọ̀n tó wà títí di abẹ́rẹ́ mìíràn.